Ìsinmi Panápaná Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ



Bí ilé bá ń jó, tí àwọn panápaná jáde láti inú èéfín, tí wọ́n bọ́ àṣíborí, tí wọ́n sì jókòó, àwọn kan a máa pariwo pé, “Ẹ wo àwọn ọ̀lẹ! Ilé ṣì ń jó, wọ́n ń sinmi!” Ariwo bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ooru a máa gòkè. Nígbà tí iná bá fẹ́ gba gbogbo iyàrá lẹ́ẹ̀kan náà, ooru abẹ́ àjà lè ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀ ni 100 péré ni omi fi ń hó. Ìdí nìyí tí panápaná fi ń rákò wọlé. Omi tí ó ń tú sí iná pàápàá ní ewu tirẹ̀, nítorí bí ó bá hó di ooru, a máa fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700, ó sì lè bó ènìyàn lára.

Aṣọ panápaná nípọn. Bí a bá fi àgbá afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kún un, ẹrù náà lè ju 20 kílò lọ. Aṣọ yìí ń dí ooru iná lọ́nà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ooru ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ jáde. Òógùn ń ṣàn, kò rí ibi gbẹ. Òógùn tí kò sì gbẹ kì í mú ara tutù. Ooru inú ara tí ó le jẹ́ nǹkan bí 37. Bí ó bá kọjá 40, iyè ènìyàn lè dàrú, ó lè dákú, ó sì lè kú. Ọkàn pẹ̀lú a máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó: ní Amẹ́ríkà, àrùn ọkàn ń pa panápaná lẹ́nu iṣẹ́ ju kí iná jó wọn lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá jáde gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ wíwúwo náà, kí ó jókòó sí ibòji, kí ó mu omi, kí ó sì ti apá méjèèjì bọ omi tútù, kí àwọn mìíràn sì rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó Grenfell Tower, ilé alájà 24 ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 72 sì kú. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, èéfín sì kún un. Àwọn panápaná gùn ún pẹ̀lú ẹrù wọn nínú ooru náà. Ó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, síbẹ̀ àwọn kan tún padà wọlé.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ tiwa kò pọ̀. Bí iná bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ tètè pe 112. Ẹ kúrò lọ́nà fún ọkọ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá kù nínú ilé, ẹ sọ iyàrá tí ó wà fún olórí wọn. Ẹ gbé omi mímu àti garawa omi tútù sí abẹ́ igi. Ẹ má ṣe fi èébú lé ẹni tí ó ti rẹ̀ padà sínú iná. Bí ó bá dákú níbẹ̀, àwọn tí ìbá gba ọmọ wa là ni yóò lọ gbé e jáde.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.