Iná Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹ̀rọ ayò àtijọ́ Space Invaders, tí ilé-iṣẹ́ Taito ti Japan gbé jáde ní 1978.

Bí ó bá dákẹ́, ẹ má ṣe sáré yọ chip. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Intel 8080 tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀ ń fẹ́ iná mẹ́ta: +5, -5 àti +12 volt. -5 ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni yóò jáde kẹ́yìn; bí kò bá sí, chip náà lè bàjẹ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lórí bọ́ọ̀dù gan-an, nítorí ojú wáyà tó dípẹtà a máa dín iná kù lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná, kí ẹ nu ẹsẹ̀ chip.

Ẹ ṣọ́ra fún tẹlifíṣàn inú rẹ̀: bí a tilẹ̀ ti pa iná, ó ṣì lè gbé ènìyàn.

Ọ̀gá lè ní kí a yára. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀mí kò láàrọ̀, àti pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.