Ẹ̀tọ́ Olùgbé sí Ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí Ìjọba ń Sanwó Rẹ̀



Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà tí kì í gbọ́ orúkọ Okumagba. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ní onílẹ̀. Kò yẹ kí olùgbé bá onílẹ̀ du ohun ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìjọba kì í ṣe ilẹ̀ ìdílé. Òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni yóò san owó orí fún, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Bí aránṣọ tàbí mẹkáníìkì bá ń sanwó sí àpò Ìpínlẹ̀ Delta, kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ yóò fi di àlejò nígbà tí wọ́n bá ń ná owó náà?

Ní ọdún 1986, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí iṣẹ́ sì wọ́n, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDE sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀kan nínú ètò rẹ̀ ni kí ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, bí Yorùbá ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 2015, lábẹ́ Gómìnà Ifeanyi Okowa, Delta bẹ̀rẹ̀ ètò STEP fún iṣẹ́ ọwọ́ àti YAGEP fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́, wọ́n sì fún un ní irinṣẹ́. Ìyá tó ti wá owó ẹ̀rọ ìránṣọ kiri fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira mọ bí èyí ti tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dí ni fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí sí Warri, tí bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ètò Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ti Delta bá sì ta á nù, ó di àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

Kí ni òfin wí? Abala 17 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba mú kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní àǹfààní láti rí iṣẹ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a fi èyí pe ìjọba lẹ́jọ́. Abala 42 lágbára jù ú lọ: kò gba ìjọba láyè láti fi ẹ̀yà tàbí ibi ìṣẹ̀dálẹ̀ dí ọmọ Nàìjíríà lọ́nà. Ohun tó yọ sílẹ̀ ni òfin tó kan ìyànsípò sí iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá àti àwọn àjọ ìjọba. Kò dárúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, ẹjọ́ a máa pẹ́, a sì máa náni lówó. Ìbò yá jù ú lọ.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù olùdíje tó bá wọ àdúgbò dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn ń gbé Delta yóò tó fún fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ṣẹ́? Ǹjẹ́ wọn yóò lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n mú síta ní ìjọba ìbílẹ̀, kí gbogbo ayé rí i? Ta ni yóò máa tọpa ọmọ tó kọ́ṣẹ́ tán, títí yóò fi rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀?

Èyí kì í ṣe ìjà pẹ̀lú Urhobo, Itsekiri tàbí Ijaw. Ọmọ tiwọn náà tí kò mọ ẹnì kan nípò ni fọ́ọ̀mù ìkọ̀kọ̀ ń fi sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe adákẹ́, ara adákẹ́ ní í gbé. Òfin ìdìbò gbà kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé; kò béèrè ìlú bàbá rẹ̀. Ẹ gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ yín, ẹ béèrè ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn díwọ̀n ẹni tí ẹ ó dìbò fún.