Omi Tí Ó Dànù

Bí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, ohun tí àwọn àgbà fi ń tu àwọn òbí nínú ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà, irú U.C.H. tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ó ní láti wádìí ohun tí ó da omi náà nù.

Nítorí náà ni irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ka àwọn ọmọ tí a bí ní òkú nígbà tí oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń ka àwọn tí a bí láàyè tí wọ́n kú kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Yóò pa méjèèjì pọ̀, yóò sì wo iye tí ó jẹ́ nínú 1,000 ọmọ tí a bí síbẹ̀, àtòkú àtàyè.

Iye yìí sábà máa ń ga, aláìmòye a sì sọ pé àwọn dókítà ibẹ̀ ni kò mọṣẹ́. Kí ó rọra sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń darí ọ̀ràn tí ó ti dojú rú níbòmíràn sí. Aboyún tí ó ti rọbí fún ọjọ́ méjì ní ilé agbẹ̀bí, tí wọ́n wá gbé dé ní òru, ọmọ rẹ̀ lè ti kú kí nọ́ọ̀sì tó fi etí sí ikùn rẹ̀. Ìwé ilé ìwòsàn ńlá ni wọn yóò kọ ikú náà sí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ya ìṣirò àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìtọ́jú oyún sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tí a sáré gbé wá.

Síbẹ̀, èyí kò dá ilé ìwòsàn láre pátápátá. Òkú ọmọ pàápàá a máa jẹ́rìí. Bí awọ rẹ̀ bá ti ń bó, ó sábà jẹ́ pé ó ti kú kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀; kí wọ́n yẹ ìtọ́jú oyún náà wò: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ibà. Bí awọ náà kò bá bó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìgbà ìrọbí ni ẹ̀mí bọ́. Kí wọ́n bèèrè iye wákàtí tí ìyá fi dúró de iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tí a bí tí kò ké tí kò sì mí, kí ìṣẹ́jú kan tó pé ni kí wọ́n ti fi rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, òtútù lè pa á. Àyà ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lé, ara kan ara, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Bogotá ní ọdún 1978.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kò pé oṣù kan láyé. Ìpinnu àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ni pé kí ó má ju 12 lọ nígbà tí ọdún 2030 bá fi dé.

Àdúrà tí àwọn Yorùbá ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí ó bá ní agbè kò fọ́, tí kò sì bèèrè mọ́, ìdajì àdúrà náà ni ó gbà pé ó tó.