Aṣọ Kì Í Dáná: Ìdí Tí Yìnyín Fi Ń Yọ́

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Ẹ ti kà á níléèwé. Omi tó dì ni yìnyín. Bí ooru bá wọ̀ ọ́, ìdè tó so àwọn mólékù rẹ̀ mọ́ra a tú, ó di omi. Òtútù kọ́ ló ń jáde o, ooru ló ń wọlé.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Joseph Black ti fi han àwọn ará Glasgow láti nǹkan bí ọdún 1760 sí i pé ooru tó ń yọ́ yìnyín kì í mú un gbóná. Gíráàmù kan yìnyín tó wà ní òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò gba nǹkan bí 334 júùlù kó tó yọ́ tán, omi rẹ̀ á ṣì wà ní òdo. Ooru yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti gbé omi náà dé 80.

Ó wá ku ìjà àtijọ́. Àwọn kan ṣì wà (mo rí méjì nínú wọn lórí ìjókòó iwájú yìí) tí wọ́n ní béèyàn bá fi aṣọ nípọn wé yìnyín, yóò tètè yọ́, torí aṣọ a máa móoru. Ooru ta ni? Ooru ara yín ni! Ẹ fi kúbùsù bo òkúta di ìdájí, kí ẹ wò ó bóyá yóò gbóná. Atẹ́gùn tó há sínú aṣọ ni kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá, ìbáà ṣe èyí tó fẹ́ jáde tàbí èyí tó fẹ́ wọlé. Ìyá mi tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò kò kàwé, síbẹ̀ ìyẹ̀ pákó àti àpò ló fi ń bo yìnyín rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 1833, Frederic Tudor, oníṣòwò ará Boston, kó nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù yìnyín sínú ọkọ̀ Tuscany, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Calcutta. Pákó, koríko gbígbẹ àti èèpo igi, tí atẹ́gùn há sínú wọn bíi ti aṣọ, ni wọ́n fi tẹ́ inú ọkọ̀. Oṣù mẹ́rin lórí òkun, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n la ìlà agbedeméjì ayé kọjá, síbẹ̀ nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù gúnlẹ̀. Kò sí fíríìjì kankan nínú ọkọ̀ yẹn. Ṣé aṣọ ló wá ń yọ́ yìnyín? Ní Switzerland náà, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo apá kan òkè yìnyín Rhône rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Funfun rẹ̀ tún ń ta ìtànṣán oòrùn padà. Ó ń dín yíyọ́ náà kù, kò dá a dúró, kò sì sí aṣọ tó lè bo gbogbo òkè yìnyín ayé.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára sọ mẹ́ta tó kù. Iyọ̀: ó ń mú kí yìnyín tutù sí i, àmọ́ kíá ni yóò yọ́. Fáànù: ẹ má fẹ́ ẹ sí i, ooru ló ń kó bá a. Odindi yìnyín máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ lọ, torí ibi tí ooru lè gbà wọlé kò pọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ̀yin méjèèjì iwájú, ẹ fi aṣọ wé yìnyín kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi.