Èdè Tí A Dá fún Iṣẹ́ Kan

 

Ohun tí èdè kọ̀ǹpútà jẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n. N kò ní í fi ìyẹn pa àkókò. Àwọn èdè kéékèèké tí a dá fún iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó gbé mi wá, bí àrokò ti wà fún iṣẹ́ rírán tí ẹnikẹ́ni kì í fi í pa àlọ́.

Ìjà àtijọ́ kan wà láàárín èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí wọ́n gbà pé bí èdè bá ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ó ti dára nù un. Irú èrò yìí ni a fi bẹ̀rẹ̀ èdè COBOL ní 1959. Òun náà ni àwọn kan fi ń yin Yorlang, tí ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn sí Yorlang. Ṣùgbọ́n ìwà lẹwà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún èdè pẹ̀lú.

Ẹ wo SQL, èdè tí a dá fún wíwá nǹkan nínú àkójọ ìwífún, tí mo fi ń jẹun láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Chamberlin àti Boyce ni wọ́n gbé e jáde ní IBM ní 1974, ohun tí ó sì wuni lára rẹ̀ ni pé ohun tí o ń fẹ́ ni ìwọ yóò sọ, kọ̀ǹpútà ni yóò wá ọ̀nà tí yóò gbà rí i. Akọ̀wé ilé-ìwé tí ó ń wá àwọn ọmọ tí owó wọn kò tó 5,000 náírà, ìlà kan ni yóò kọ:

SELECT oruko FROM akekoo WHERE owo < 5000

Ó tán. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn yẹn, ẹ pa fóònù mọ́ ná, inú fóònù ọ̀hún náà ni SQL wà.)

Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí akọ̀wé kò kọ iye kankan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bí a bá béèrè àwọn tí owó wọn kò tó 5,000, kò sí níbẹ̀. Bí a bá béèrè àwọn tí tiwọn tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ náà. Ọmọ náà kò kú, kò ràjò. Àyè òfìfo tí SQL ń pè ní NULL ni ó gbé e mì, láìsí ariwo. Nítorí pé ìlà náà dùn ún kà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, akọ̀wé rò pé bí òun ti ń rò ni SQL ń rò. Àléébù tí ń pariwo sàn ju èyí tí ó dákẹ́ lọ: ohun tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ̀nyẹn fà látọjọ́ nìyí.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára fi àpẹẹrẹ méjì kún un. Make, èdè tí a fi ń to àwọn àṣẹ tí a ó fi kọ́ ètò kọ̀ǹpútà, tí Stuart Feldman dá ní 1976, àmì tábù tí ojú kò lè yà kúrò lára àlàfo lásán ni ó fi ń dá ìlà àṣẹ mọ̀. Nígbà tí yóò fi ronú àtitún un ṣe, àwọn bíi méjìlá ti ń lò ó, kò sì fẹ́ dà wọ́n láàmú. Gbèsè àánú yẹn ni gbogbo ayé ń san dòní.

VisiCalc, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ti 1979, ṣe dáadáa ní tirẹ̀, nítorí ìwé ìṣirò tí akọ̀wé owó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó bá lọ.

Nítorí náà, ẹni tí yóò dá èdè fún àwọn tí ń ra kòkó ní àdúgbò Òkè-Ìmẹ̀sí yìí, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n nídìí ìwọ̀n, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe kòkó tí kò gbẹ. Kí ó sì rí i pé bí wọ́n bá ṣì í kọ, èdè náà yóò kígbe.