Àtọ̀gbẹ Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú

 

Àwa tí ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ ìlera lọ́dún yìí, a ò lọ jìnnà ká tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀kan nínú wa tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ nínú ọjà, kò mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tí egbò ń rùn ni ọmọ rẹ̀ tó rí i. Ó ti ń fi àtọ̀gbẹ pamọ́ fún wa tipẹ́, ó ní ká má baà fi ẹ̀yáwó du òun. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló bá a lọ. Ẹ̀yin ìyá, kò síbi tí òfin ẹgbẹ́ wa ti ní ká fi ẹ̀yáwó du aláìsàn. Ẹ má fi pamọ́ mọ́.

Orúkọ àìsàn yìí ti ṣàlàyé ara rẹ̀: à ń tọ̀, ara ń gbẹ. Oúnjẹ tí a jẹ ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ló ń bá wa kó o wọ inú ara. Nínú irú kejì, tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà, ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì dáadáa mọ́, ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀. Òǹgbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́ lóru, rírù, ojú tó ń ṣe bàìbàì, egbò tí kì í tètè jiná, àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn ò sì ní rí àmì kankan. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu. Bí ẹ̀rọ bá kọ 126 mg/dL, tàbí 7.0 lórí èyí tó ń ka mmol/L, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tètè lọ rí dókítà. OAUTHC ò jìnnà sí wa n'Ifẹ̀ níbí.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti wíìtì nìkan ni alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jẹ iyán, ẹ lè jẹ ẹ̀bà. Òṣùwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóńgò wọn gaàrí sì mọ òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá ro òkìtì àmàlà ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣúgà á gòkè náà ni. Ẹ pín abọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin: méjì fún ẹ̀fọ́, bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewúro, ọ̀kan fún ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà, ọ̀kan péré fún òkèlè tàbí ìrẹsì. Ẹ dín epo kù. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kékeré kan lè ní tó ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. Omi ni kí ẹ mu. Ẹ sì máa dìde nídìí ìsọ̀, kí ẹ rìn díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ẹ má lo ó tán kí ẹ sáré wá ọjà láìjẹun. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ tètè mu omi ṣúgà, kí ẹ sì jẹun. Ẹ má torí àgbo pa oògùn dókítà tì. Lálaalẹ́, kí ọmọ bá yín wo àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ni àyájọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé. Ọjọ́ ìbí Frederick Banting ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí ínsúlínì ní 1921. Kó tó di ọjọ́ náà, kí oníkálukú wa ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé.