Ọmọ Tó Ń Yàwòrán Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aládìrẹ bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta)

  

Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń bọ́ sí SS1 ni mo bá wá. Tí ọmọ bá ti ní Fáìn Áàtì lòun fẹ́ ṣe, ìyá á figbe bọnu: "Ṣé àwòrán lo máa jẹ ni? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ fẹ́ ṣe dókítà!" Èmi náà sọ ọ́ rí. Mo tilẹ̀ fa ìwé ìyàwòrán ọmọbìnrin mi ya lójú ẹ̀. Ó ṣe ohun tí mo fẹ́, kò sì gbádùn ẹ̀ dọ́jọ́ kan. Lónìí, tí mo bá ń wá bátànì tuntun, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń sanwó fún kó yà á fún mi. Ohun tó wà nínú ilé mi ni mò ń fowó rà níta. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, kí ló ń bọ́ wa ní Ìtòkú yìí? Ṣebí àwòrán ni. Ìyẹ́ adìyẹ làwọn ìyá wa ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ wo Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára ẹ̀. Ẹ wo Olóba, àjọ̀dún ọdún 25 tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe lórí oyè ní 1935 ló bí i. Ẹni tó ya ìwọ̀nyí mọ nǹkan wò, ó mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kó dọ́gba, ó mọ àwọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nínú Fáìn Áàtì gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní London ní 1920. Nígbà tó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé l'Ékòó, ó sì ń bẹ ìjọba kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá ní 1927 láti máa kọ́ni.

Ẹnì kan lè ní Ìyá wa Níkẹ Okundaye, tó ni ilé àwòrán ńlá ní Lẹ́kí, kò kọ́ tiwọn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé wọn ní Ògìdì ni wọ́n ti kọ́ aṣọ híhun àti aró. Mélòó nínú wa ló ṣì ní ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé? Níbi tí ilé ò bá ti kọ́ ọmọ mọ́, iléèwé ló kù.

Ẹ̀yin náà ẹ rí aṣọ tí wọ́n fẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà. Ó pọ́ọ́kú, ó sì jọ tiwa. Ṣùgbọ́n bátànì tó ti wà nílẹ̀ ló ń dà kọ. Ẹ̀rọ ò lè jí ohun tí kò tíì rí. Tí a bá ń gbé tuntun jáde, àwa la ó wà níwájú. Ta ló máa wá ya tuntun náà?

Mi ò ní kí gbogbo ọmọ lọ ṣe é o. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá lọ síbẹ̀ ni. Kó má sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, torí Yaba Tech wà níwájú, OAU n'Ifẹ̀ wà níwájú, níbi tí wọ́n ti ń gboyè nínú iṣẹ́ ọnà.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ wá bẹ̀ yín. Ẹ wo ìwé ọmọ yín kẹ́ ẹ tó bínú. Ẹ lọ bá tíṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà họlidé, ẹ mú un wá sídìí aró, kó rí ibi tí àwòrán ti ń dowó.

Ọmọ tí a ò kọ́ ló máa gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi ti bẹ ọmọ mi, ó ti gbà, ó sì ti ń yàwòrán padà. Ẹ̀yin, ẹ má jẹ́ kó dìgbà tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀.